Ọ̀bẹ abilà mi: ìdì irin méjì ló kọ́kọ́ bàjẹ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rọ, àmọ́ irin ọ̀bẹ mẹ́ta ló bá a lọ, mo sì tún ní láti tẹ́ inú ìléru gáàsì mi lọ́tun.

Irin oríṣi méjì ni mo lò: 1095, tí ásíìdì máa ń sọ di dúdú, àti 15N20, tí níkẹ̀lì inú rẹ̀, bí ìdá 2 nínú 100, máa ń jẹ́ kó dán. Mo to pẹlẹbẹ méje léra wọn di ìdì kan, mo jó igun wọn pọ̀, mo jó ọ̀pá mọ́ ọn nídìí, ó di inú ìléru. Ìyẹn ò le.

Kó lẹ̀ mọ́ra ló kù. Ìdì kìíní, mo lù ú kíkankíkan, mo ti ń yangàn. Ìgbà tí mo gé orí rẹ̀ ni mo rí ìlà dúdú kan, tín-ín-rín bí irun. Mo ki ṣísẹ́lì bọ̀ ọ́, ó ṣí gbàràgàdà.

Bóráàsì, ìyẹ̀fun tó máa ń yọ́ bo irin kí atẹ́gùn má bàa ba ojú rẹ̀ jẹ́, ni mo dá lẹ́bi. Mo bá da púpọ̀ sí ìdì kejì. Ó yọ́, ó ṣàn, ó sì jẹ bíríkì ìsàlẹ̀ ìléru títí ó fi jìn kòtò. Ìlà dúdú náà ò kúrò o!

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí n tó wo iná fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn ti pọ̀ ju gáàsì lọ, ó ń jó ara irin di èèpo. Èmi náà ò sì ha èèpo dúdú tó wà lára 15N20 látilẹ̀wá, mo ní kò ṣe nǹkan. Ó ṣe nǹkan! Ẹ ha gbogbo ojú rẹ̀ kó dán kí ẹ tó ra bóráàsì kún bóráàsì.

Ìdì kẹta, mo dín atẹ́gùn kù títí ahọ́n iná fi yọ lẹ́nu ìléru. (Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, èéfín rẹ̀ ń pani, kò sì ní òórùn.) Mo dúró títí àwọ̀ irin àti ti ògiri ìléru fi dọ́gba, mo wá rọra fi òòlù tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń tutù, gbogbo ara rẹ̀ dúdú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ìdì kejì, òkè ti ṣú nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ń pọ́n. Àmì nìyẹn, n ò mọ̀ ọ́n kà ni.

Mo ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹta, méje di 56. Mo rọ ọ́ di ọ̀bẹ, mo mú un gbóná, mo rì í sínú òróró, mo yan án ní 200°C fún wákàtí méjì, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo fà á jáde nínú ferric chloride, omi kíkan tó ń jẹ ojú irin, ìlà sáré lára rẹ̀ bí omi tí atẹ́gùn fẹ́. Mo pariwo!

Ojú dúdú kékeré kan wà nítòsí èkù tí kò lẹ̀. Àwọn tó rí i ní iṣẹ́ ọnà ni. Mo dákẹ́.