Tẹ́nìsì kì í ṣe bọ́ọ̀lù: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí ìdíje àwọn obìnrin

Ní Abuja, láti Kubwa dé Nyanya, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ tẹ́nìsì ń pọ̀ sí i, pàápàá lásìkò tí líìgì bọ́ọ̀lù bá ti sinmi tí Paris àti Wimbledon ń lọ lọ́wọ́. Ohun tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ níwájú káṣíà ni pé òfin bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ fi ń ka tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́nìsì. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, kì í ṣe òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè (Nyanya): Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tí mo mú ló gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, àfi bó ṣe ní ara ń dun òun, ló bá jáwọ́. Wọ́n ní mo ti pàdánù. Ọ̀rẹ́ mi mú obìnrin yẹn kan náà ní ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n dá owó tiẹ̀ padà fún un. Ṣé kì í ṣe olè nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò mi, kì í ṣe olè. Òfin àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kò dọ́gba lórí ẹni tó bá jáwọ́ láàárín eré. Àwọn kan ní bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ báyìí, ẹni tó bá kọjá sí ìpele tó kàn ló jẹ. Àwọn kan ní àfi kí sẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ìpín eré tí obìnrin gbọ́dọ̀ gba méjì kó tó yege, kọ́kọ́ parí. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí eré kò bá parí pátápátá, wọ́n á fagi lé tẹ́tẹ́ náà, wọ́n á dá owó padà. Ọ̀dọ̀ àwọn ìkẹta yìí ni ọ̀rẹ́ rẹ wà.

Wo àṣekágbá Auckland ní January 2025. Naomi Osaka gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ 6-4 lọ́wọ́ Clara Tauson, ó sì jáwọ́ nítorí ìpalára níkùn. Tauson ló gba ife lọ sílé. Ẹni tó mú Osaka ní ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé òfin sẹ́ẹ̀tì kan, owó rẹ̀ ti lọ, bẹ́ẹ̀ Osaka ló wà níwájú. Ẹni tó mú un níbi tí eré ti gbọ́dọ̀ parí gba owó rẹ̀ padà. Ẹni tó sì mú un fún sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ nìkan jẹ, torí sẹ́ẹ̀tì yẹn ti parí kó tó jáwọ́. Eré kan náà, obìnrin kan náà, èsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ikùn tún dá Osaka dúró ní ìdíje ńlá Melbourne, nígbà tó ń bá Belinda Bencic ṣeré. Torí náà, kó o tó mú ẹnikẹ́ni, wo eré tó ṣe kẹ́yìn. Bí o bá rí “ret.” lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì, ẹnì kan jáwọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ “w/o” lo rí, eré náà kò bẹ̀rẹ̀ rárá. Kí o sì lọ sí ìsàlẹ̀ áàpù rẹ, níbi tí wọ́n kọ Rules sí, kí o wá apá tẹ́nìsì, kí o ka ohun tí wọ́n sọ nípa retirement, ìyẹn jíjáwọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì sàn ju kéèyàn máa pariwo mọ́ káṣíà tí kì í ṣe òun ló ṣòfin.

Ìbéèrè (Kubwa): Eré mẹ́rin ni mo kó pọ̀, ₦1,000 ni mo fi sí i, wọ́n kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé màá gba ₦7,560. Kò sí èyí tó gé, ìyẹn èyí tó pàdánù, síbẹ̀ ₦3,780 ni wọ́n san fún mi. Ibo ni ìdajì owó mi wọlé sí?

Ìdáhùn: O fi tíkẹ́ẹ̀tì náà hàn mí, mo sì rí i. Odds rẹ, ìyẹn iye tí wọ́n fi ń sọ owó rẹ di púpọ̀, ni 1.50, 1.80, 2.00 àti 1.40. Bí o bá sọ wọ́n di púpọ̀, 7.56 ló máa fún ọ. Àmọ́ ẹni tó ní 2.00 yẹn, ẹni tó yẹ kó bá a ṣeré kò jáde. Eré tí kò bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń sọ odds rẹ̀ di 1.00. Ṣe ìṣirò náà padà: 1.50 ní ọ̀nà 1.80 ní ọ̀nà 1.40 jẹ́ 3.78. Owó rẹ pé.

Ìbéèrè (Kubwa náà ni): Tíkẹ́ẹ̀tì mi ti wà ní “pending” láti àná.

Ìdáhùn: Òjò ni. Ní Wimbledon, pápá méjì péré ló ní òrùlé: Centre Court láti 2009, àti No. 1 Court láti 2019. Àwọn pápá yòókù, bí òjò bá ti rọ̀, ó di ọ̀la. Tẹ́tẹ́ náà sábà máa ń dúró títí eré á fi parí, ẹ ní sùúrù.

Ìbéèrè (Gwagwalada): Mi ò kì í mú ẹni tí mi ò mọ̀. Àwọn gbajúmọ̀ márùn-ún ni mò ń kó pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn 1.25. Kí ló dé tí ẹnì kan fi máa ń gé e ní gbogbo ìgbà?

Ìdáhùn: Ohun tí 1.25 ń sọ ni pé, bí irú eré bẹ́ẹ̀ bá wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, gbajúmọ̀ náà á yege nínú mẹ́jọ, á pàdánù nínú méjì. Bí o bá wá so márùn-ún pọ̀, nínú 100 irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 33 ló máa jẹ, 67 á gé. Kí a tó yọ èrè ilé-iṣẹ́ kúrò nìyẹn o, nítorí odds tí wọ́n gbé jáde ti ní èrè tiwọn nínú. Ohun tí o pè ní “sure” yìí, ìdánilójú pé á gé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nínú ìdíje àwọn obìnrin, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni eré máa ń gùn mọ, kódà nínú àwọn ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (Melbourne, Paris, Wimbledon àti New York) tí àwọn ọkùnrin ti ń gbá títí dé márùn-ún. Gbajúmọ̀ tó bá fi wákàtí àkọ́kọ́ ṣòfò kò ní ààyè púpọ̀ láti tún un ṣe. Ní New York ní 2015, ìṣẹ́gun méjì ló kù kí Serena Williams kó ife ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ọdún kan. Ó gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ 6-2, Roberta Vinci sì gba méjì tó kù 6-4, 6-4. Ní 2021, ìdíje àṣewọlé ni Emma Raducanu ti bẹ̀rẹ̀ ní New York yìí kan náà, ó gba ife láìpàdánù sẹ́ẹ̀tì kan. Ní 2023, Markéta Vondroušová gba Wimbledon láìsí lára àwọn tí wọ́n tò sí ipò iwájú. Ta ni nínú wa ló fi wọ́n sí tíkẹ́ẹ̀tì?

Bó bá jẹ́ dandan kó o ta á, ẹyọ kan ni kó o ta, pẹ̀lú owó tí o lè gbàgbé.

Ìbéèrè (Lugbe): Mo mú Over 19.5 géèmù, ìyẹn pé géèmù inú eré á tó 20 ó kéré tán. Eré parí sí 7-6, 6-0, tie-break yẹn sì gùn dé 9-7. Wọ́n ní mi ò jẹ.

Ìdáhùn: Géèmù kan ṣoṣo ni tie-break, èyí tí wọ́n fi ń parí sẹ́ẹ̀tì tó bá di 6-6, bó ti wù kí pọ́ìntì inú rẹ̀ pọ̀ tó. 7-6 jẹ́ géèmù 13, 6-0 jẹ́ 6, àpapọ̀ 19. Bákan náà ló rí pẹ̀lú tie-break olópọ́ìntì 10 tí àwọn ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lò ní sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn láti 2022. Kí o sì rántí pé géèmù lè kéré ju bí o ṣe rò lọ: àṣekágbá Wimbledon 2025, Iga Świątek na Amanda Anisimova 6-0, 6-0. Géèmù 12 péré, nínú àṣekágbá!

Ìbéèrè (Mararaba): Wang ni mo mú, Wang ló yege, wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì mi gé.

Ìdáhùn: Wang Xinyu àti Wang Xiyu, èèyàn méjì ni wọ́n, ọmọ Ṣáínà ni àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì ló sì lè ṣeré lọ́jọ́ kan náà. Ṣe ni kí ẹ ka orúkọ náà tán kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà wà: Mirra àti Erika Andreeva, Linda àti Brenda Fruhvirtova. Ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá eré ẹlẹ́ni méjì-méjì ni, torí orúkọ wọn máa ń wà níbẹ̀ náà.

Ìbéèrè (Karu): Ó ń fi 5-2 léwájú ní sẹ́ẹ̀tì kẹta, ó pàdánù. Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fún un lówó ni. Mo ti wá ojú ìwé rẹ̀ rí lórí Instagram, màá sọ tẹnu mi fún un.

Ìdáhùn: Má kọ ọ́. Jọ̀ọ́, má kọ ọ́.

Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ẹni tó ń sáàfù, ìyẹn ẹni tó ń kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, kì í ní agbára lórí géèmù tó ti ọkùnrin, torí náà ó rọrùn fún ẹni tó wà lẹ́yìn láti lé ẹni iwájú bá. 5-2 kò tíì parí. Ní àṣekágbá Wimbledon 1993, Jana Novotná ń fi 4-1 na Steffi Graf ní sẹ́ẹ̀tì kẹta, pọ́ìntì kan ló kù kó di 5-1. Ó gbá sáàfù méjì dànù, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Graf sì gba géèmù márùn-ún léra. Kò sẹ́ni tó fún un lówó. Ẹ̀rù ló bà á, ó sì sunkún níwájú gbogbo ayé.

Ní June 2025, WTA, àjọ tẹ́nìsì àwọn obìnrin, àti ITF, àjọ tẹ́nìsì àgbáyé, tẹ ìròyìn kan jáde nípa ohun tí àwọn eléré ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2024, nǹkan bí 8,000 ọ̀rọ̀ èébú àti ìhàlẹ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí eléré 458. Àwọn atatẹ́tẹ́ tínú ń bí ló kọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Lára àwọn eléré yìí, àwọn kan ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, wọ́n á tan fóònù lẹ́yìn eré, wọ́n á rí i pé ẹnì kan ń fi ikú halẹ̀ mọ́ ìyá wọn. Wọ́n ti fa àwọn tó burú jù lé agbófinró lọ́wọ́, FBI náà wà níbẹ̀. Owó rẹ ni o fi sí i, ìwọ lo sì tẹ̀ ẹ́. Obìnrin yẹn kò bá ọ ṣe àdéhùn kankan.

Ìbéèrè (Zuba): Ọkùnrin kan lórí Telegram ní òun ní eré tí wọ́n ti ṣètò. ₦50,000 ló ń gbà. Ó ti sọ mẹ́ta fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jẹ.

Ìdáhùn: Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é. Ó rí èèyàn 80. Ó sọ fún 40 pé A ló máa yege, ó sọ fún 40 yòókù pé B ni. Àwọn tó pàdánù, kò tún wá wọn mọ́. Ó pín 40 tó jẹ sí méjì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, 20 kù. Ó tún pín wọn, 10 kù. Àwọn mẹ́wàá wọ̀nyí ló rí i bíi wòlíì, àwọn ló sì ń bi ní ₦50,000. O wà lára wọn.

Ṣé wọ́n kì í ṣètò eré rárá ni? Wọ́n máa ń ṣe é, pàápàá ní àwọn ìdíje kéékèèké bíi W15, tí gbogbo owó ẹ̀bùn rẹ̀ kò ju $15,000 tí gbogbo wọn máa pín. ITIA, àjọ tó ń ṣọ́ ìwà àìṣòótọ́ nínú tẹ́nìsì, ti lé àwọn kan kúrò nínú eré títí ayé nítorí ẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ irú eré bẹ́ẹ̀ kò ní máa tà á fún ẹni tí kò mọ̀ rí ní Zuba. Bí áàpù bá gbé W15 wá fún ọ lóru, fò ó.

Ìbéèrè (Lokogoma): Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ti ọkọ mi ni mo bá wá. Bí January bá ti dé, kì í sùn mọ́. Aago kan òru ló ń jí wo fóònù, ó sì máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti lọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun fẹ́ kó o padà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin mi. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní Melbourne, ìyẹn aago kan òru ní Abuja. Ní ìparí August ó máa di ti New York, tí eré alẹ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru níbí. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kò ní parí pẹ̀lú January.

Ọ̀rọ̀ “kí n kó o padà” yẹn ló ń dùn mí jù, torí òun ló ń sọ gbèsè kékeré di ńlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka àìlèjáwọ́ nínú tẹ́tẹ́ mọ́ àìsàn, nínú ìwé àkójọ àrùn wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ẹ má fi ìjà bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì yá owó láti san gbèsè náà fún un ní ìdákọ́ńkọ́. Ẹ jókòó tì í lọ́sàn-án, nígbà tí eré kò sí. Àwọn áàpù máa ń ní ibi tí wọ́n kọ self-exclusion sí, ìyẹn kéèyàn ní kí wọ́n má gba tẹ́tẹ́ òun mọ́: òun fúnra rẹ̀ ni kó tẹ̀ ẹ́, kó yan àkókò tó gùn jù, kó ṣe é lórí gbogbo áàpù tó ní. Bí owó oṣù bá wọlé, kó jẹ́ pé owó ilé-ìwé àti owó ilé ló kọ́kọ́ jáde láti báńkì. Ẹ wo fóònù rẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀ bóyá áàpù ayánilówó wà níbẹ̀; bó bá wà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹ̀yin méjì nìkan, ẹ pe àgbà tó bọ̀wọ̀ fún. Ẹ̀ka ìlera ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Gwagwalada. Kò túmọ̀ sí pé orí rẹ̀ dàrú, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un kí ojú má bàa tì í láti lọ.

Ìbéèrè (Mararaba): Mo jẹ, wọn kò sanwó. Ta ni mo lè fi ẹjọ́ sùn ní Abuja?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ. Bí orúkọ inú áàpù kò bá bá ti báńkì mu, owó kò ní jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn, pàápàá àwọn tó lo fóònù àbúrò wọn.

Bí orúkọ bá bára mu, ó ku ibi tí ẹ ń gbé. Ní November 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé òfin lọ́tìrì ti 2005. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló láṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ nínú ilẹ̀ rẹ̀, pé agbára Ìjọba Àpapọ̀ kò kọjá Abuja. Nítorí náà, ẹni tó ta tẹ́tẹ́ ní Nyanya, inú Abuja ló wà, National Lottery Regulatory Commission ló máa kọ̀wé sí. Mararaba tiyín, Nasarawa ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé títì kan ṣoṣo ló là yín láàárín. Ọ̀dọ̀ ìjọba Nasarawa ni kí ẹ lọ. Ẹni tó wà ní Kano ní tiẹ̀, kó má dá a lábàá: wọn kò gba tẹ́tẹ́ láyè níbẹ̀, Hisbah, àwọn agbófinró Sharia wọn, sì máa ń ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ àti aago tí ẹ ta á, èsì eré láti ojú ìwé WTA, àti ìdáhùn tí ilé-iṣẹ́ náà fún yín: ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ ti ta á, ẹ ya fọ́tò ìwé tíkẹ́ẹ̀tì náà lónìí, torí oòrùn Abuja máa ń pa lẹ́tà orí rẹ̀ rẹ́ kíákíá.