Láti ìdí printer dé àga ọ̀gá ààbò kọ̀ǹpútà ní báńkì

Ọmọ àgùnbánirọ̀ kan ní ọ́fíìsì wa bi mí lóṣù tó kọjá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé-ẹ̀rí wo ni kí n kọ́kọ́ gbà tí n ó fi dé ipò yín?" Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ìwé-ẹ̀rí kọ́ ló gbé mi débí.

Printer ni mo ń tún ṣe ní ẹ̀ka báńkì kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan mo gbé kíbọ́ọ̀dù kaṣíà kan sókè kí n lè gbọn eruku rẹ̀ nù, ni mo bá rí bébà kékeré tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Password mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fa ìlà gba orí àwọn ti tẹ́lẹ̀ kọjá. Ètò mẹ́fà ni kaṣíà yẹn ń lò lójúmọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń ní kó pààrọ̀ password. Ta ni yóò há gbogbo ìyẹn sórí? Òfin tí agbára èèyàn ò bá ká, abẹ́ kíbọ́ọ̀dù ló ń sùn sí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ wá iṣẹ́ síbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ké gbàjarè: helpdesk, ẹ̀ka, ibi tí ATM ti ń gbé káàdì mì. Ẹ lo ọdún méjì níbẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí ní àyè tirẹ̀ o. CISSP, ìwé-ẹ̀rí àgbà nípa ààbò kọ̀ǹpútà, ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún márùn-ún, ó kéré tán nínú ẹ̀ka méjì lára mẹ́jọ tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹ lè ṣe ìdánwò kí ìrírí yín tó pé. Associate ni wọn ó máa pè yín títí yóò fi pé. CISM, ìwé-ẹ̀rí nípa ìṣàkóso ààbò, dára fún ẹni tó ti ń darí èèyàn. Ẹ má lé méjèèjì pọ̀ lọ́dún kan. Dọ́là ni owó ìdánwò, ẹ sì mọ bí náírà ṣe rí.

Ìlànà ààbò tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde ní 2018, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2019, ló sọ ọ́ di dandan kí báńkì yan CISO, ìyẹn ọ̀gá ààbò kọ̀ǹpútà. Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà pọ̀ nígbà yẹn. Ẹni tó lè bá bọ́ọ̀dù, ìyẹn ìgbìmọ̀ olùdarí báńkì, sọ̀rọ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Èmi náà kọ́kọ́ kùnà: mo gbé ojú ìwé ogójì wá, alága wò mí títí, ó ní, "Ìyáàfin, èló ni gbogbo èyí?" N kò mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo ń mú lọ: kí ló lè bàjẹ́, èló ló máa ná wa, kí ni a ó ṣe bí transfer bá dúró fún wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ tí owó oṣù ń wọlé.

Ẹ̀kọ́ tó ná mi jù rèé. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀ nínú ìmeèlì àwọn gbájúẹ̀. Mo gbé ìmeèlì náà sójú ògiri nínú ìpàdé, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rò pé mo ń kọ́ wọn ni. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, obìnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó kan náà tẹ password rẹ̀ sójú ewé ayédèrú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọjọ́bọ̀ ló tó sọ. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Mà, mo rántí ọ̀gbẹ́ni yẹn." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àwọn gbájúẹ̀ fi ka ìmeèlì rẹ̀, wọ́n sì yí nọ́ńbà àkáǹtì padà nínú ìwé owó alágbàṣe tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì wá fún jẹnẹrétọ̀ wa. Bí kì í bá ṣe pé akọ̀wé kan pe alágbàṣe náà lórí fóònù kó tó sanwó, owó ti lọ nìyẹn.

Bí èèyàn bá pè yín báyìí láti jẹ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ ṣé tí ẹ pè." Kí ẹ tó wá béèrè ohun tó rí, àsìkò tó rí i, àti bóyá ó ti tẹ password kankan. Ẹ ní kó yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kó pa Wi-Fi, àmọ́ kó má pa kọ̀ǹpútà, torí ohun tẹ́ ẹ máa fi tọpa àwọn gbájúẹ̀ náà lè wà nínú memory rẹ̀, tó máa ń parẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá kú. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 fún yín ní wákàtí 72, látìgbà tí ẹ bá ti mọ̀, láti fi tó ìjọba létí bí ọ̀rọ̀ náà bá lè pa àwọn oníbàárà lára. Ẹni tó bá pè wá láàárín wákàtí kan, èmi fúnra mi ni mo ń buwọ́ lu lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo mọ iṣẹ́ kankan. Jápa ti kó mẹ́rin lọ lára àwọn ọmọ iṣẹ́ mi láàárín ọdún méjì.

Ọmọ àgùnbánirọ̀ yẹn, helpdesk ni mo fi í sí. Ó wò mí bí ẹni tí mo fìyà jẹ. Lánàá ló pè mí láago láti ẹ̀ka kan: ó ti gbé kíbọ́ọ̀dù mọ́kànlá sókè, ó sì ti rí bébà méje.