Ẹ má gbé ilé ìdáná Àjàṣẹ́ wá sí ẹsẹ̀ òkè Ṣábẹ

Nígbà ìsinmi ọdún Kérésì, àbúrò mi tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi, ìyàwó àti àwọn ọmọ ń bọ̀ wá pàgọ́ sí ẹsẹ̀ òkè yín. Òru méjì péré. Ẹ má ṣe wàhálà oúnjẹ rárá, a ti ra gbogbo rẹ̀ síbí." Gbólóhùn tó fi parí ọ̀rọ̀ yẹn ló já mi láyà.

Ṣábẹ (Savè), ìlú olókè àpáta ní Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n bí mi sí. Mo ti rí ìdílé tó pọ̀ tó wá láti Kútọnu àti Àjàṣẹ́ wá sùn sábẹ́ àwọn àpáta wa. Wọ́n á náwó sórí oúnjẹ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ebi á sì tún pa wọ́n. Àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń ka owó oúnjẹ, wọn kì í ka omi.

Nígbà tí àbúrò mi ṣí búùtù ọkọ̀, mo rí adìẹ oníyìnyín méjì àti ẹja tútù nínú kúlà, mo rí ẹ̀wà gbígbẹ nínú àpò, ìrẹsì, sìpàgẹ́tì mẹ́fà, àti omi ìgò mẹ́fà, lítà kan ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lítà 9 nìyẹn. Èèyàn 6 ni wá tí mo bá ka ara mi mọ́ wọn, ọjọ́ méjì la fẹ́ lò, ọyẹ́ sì ń la gbogbo wa létè.

Mo ní, "Omi dà?"

Ó ní, "Ṣé kò sí ẹ̀rọ omi níbẹ̀ ni?"

Àpáta ni o, àbúrò mi.

Ẹni tó bá ń gun òkè nínú oòrùn wa, ẹ fi lítà 3 sílẹ̀ fún un lóòjọ́, mímu nìkan nìyẹn. Fún àwa 6, ọjọ́ méjì, ó ti di lítà 36 kí ẹnikẹ́ni tó fọ ọwọ́, kí a tó gbé ìkòkò kaná. Bídọ̀n lítà 25 méjì ni mo gbé sẹ́yìn ọkọ̀ kí a tó kúrò nílé mi, àbúrò mi sì ń rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà, kí ẹ tó kó oúnjẹ kankan sínú àpò, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: omi mélòó lo máa mu kí o tó jinná, mélòó la ó sì fi fọ ohun tí o bá bàjẹ́?

Ẹ wo sìpàgẹ́tì. Oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú ni, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó wa gbé omi tó lítà mẹ́rin kaná láti fi se méjì péré nínú rẹ̀, ó ti mú asẹ́ dání, ó fẹ́ da omi náà sínú koríko. Mo pariwo. Bí a ti ń ṣe é lóko nìyí: ẹ dín alùbọ́sà àti ata nínú òróró díẹ̀, ẹ da tìmáàtì alágolo sí i kó dín, kí ẹ wá bu omi tó kàn máa bo sìpàgẹ́tì mọ́lẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì, ẹ dà á sí i, ẹ dé e, kí ẹ sì máa rò ó kó má baà lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Omi tí ẹ bá fẹ́ dà nù tẹ́lẹ̀ ló máa di ọbẹ̀ yẹn. Ẹ ti fi ọṣẹ ra ẹ̀yìn ìkòkò kí ẹ tó gbé e kaná, torí èédú rẹ̀ á ṣí kúrò wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́.

Ẹ̀wà ni ti alẹ́ àkọ́kọ́, n kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la gbé e kaná. Nígbà tó di agogo mẹ́sàn-án, mo mú horo kan, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ta kúrò lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sínú eérú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti bu omi kún un. Igi ti ń tán. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ti sùn lórí itan mi, búrẹ́dì gbígbẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jà, kò sí ohun tó pọ́ọ́kú tó ẹ̀wà. Lórí ààrò mẹ́ta nínú ọyẹ́, òun ló wọ́n jù. Bí ẹ̀wà bá ń wù yín jẹ, ẹ ra àkàrà nínú ìlú láàárọ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán kí ó tó tutù.

Ti adìẹ àti ẹja oníyìnyín kò gba àlàyé púpọ̀. Àjàṣẹ́ sí Ṣábẹ ju kìlómítà 200 lọ. Kí wọ́n tó dé Ìdáàṣà (Dassa) tó wà lójú ọ̀nà, yìnyín ti di omi pupa. Ẹran tútù tó bá ti kúrò nínú òtútù ju wákàtí méjì lọ kì í ṣe oúnjẹ ọmọ mọ́. Bí ooru bá sì ju 32 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, wákàtí kan péré ni. A kó gbogbo rẹ̀ dà nù, owó bàǹtàbanta, ìyàwó wa kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan.

Ohun tó yẹ kí wọ́n rà wà níbí lọ́dọ̀ àwọn obìnrin Fúlàní: wàrà, èyí tí gbogbo Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ sí wagasi, tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà pa ẹ̀yìn rẹ̀ láró pupa. Kì í yọ́ nínú ọbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó di ọjọ́ kejì, ẹ tún un bọ̀ lálẹ́. Bí àwọn tó ń tà á ti ń ṣe nìyẹn. Ẹja gbígbẹ náà dára, sàdíìnì dára, ẹyin tútù tí kò là náà dára. Ẹ rì í sínú àpò ìrẹsì kó má baà fọ́, ìrẹsì tí ẹ máa sè ni o, kì í ṣe gàrí tí ẹ máa mu ní tútù.

Nígbà tí a ti dárúkọ ìrẹsì: ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán ni kí ẹ sè. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń gbé nínú rẹ̀, tí ń tu oró sílẹ̀ bí ìrẹsì jíjinná bá sùn síta, oró yẹn kì í sì í kú bí ẹ tilẹ̀ tún un gbé kaná. Ìgbẹ́ gbuuru nínú àgọ́, láìsí omi, ẹ fojú inú wò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti gàrí. Ìyàwó wa ní kò bójú mu kí òun gbé gàrí jáde nígbà tí èèyàn rìnrìn àjò afẹ́. Ojú ta ni? Ti alángbá? Gàrí tó gbẹ dáadáa, tó ta kan-ń-kan lẹ́nu, pẹ̀lú ẹ̀pà, kúlíkúlí àti mílíìkì oníyẹ̀fun, oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ nìyẹn láìdá iná. Lálẹ́, omi gbígbóná díẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀bà. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn máa ń gbé gàrí nìkan wá láìsí ohun tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́, tàbí kí wọ́n gbé ọbẹ̀ olómi wá tó máa kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ata dídín ni kí ẹ gbé. Ẹ dín in nílé títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ pátápátá, tí òróró á léfòó, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ, ṣíbí gbígbẹ ni kí ẹ sì máa fi bù ú.

Ẹ tún má rò pé ìlú kékeré ni a wà kí ẹ wá ru iṣu láti Àjàṣẹ́ wá sí ilẹ̀ iṣu. Bí ó bá jẹ́ Ọjọ́rú lẹ ń kọjá, ọjà Glazoué wà lójú ọ̀nà, ẹ dúró níbẹ̀.

Iṣu ilẹ̀ wa níbí ló gbà wá lálẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí bídọ̀n kejì ti ń fúyẹ́. Iṣu sísun kò gba omi, kò gba ìkòkò, kò gba àwo. Àbúrò mi fẹ́ gbé tirẹ̀ sínú ọwọ́ iná tó ń jó, bí àwọn ará ìlú ńlá ti ń ṣe: ẹ̀yìn rẹ̀ á di èédú, inú rẹ̀ á tutù bí òkúta. Mo ní kó jókòó. A dúró títí igi fi di ẹ̀yinná, mo wá to iṣu tó mọ níwọ̀n sí i, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ fi wọ inú rẹ̀ láìjà. Mo fi ọ̀bẹ họ ẹ̀yìn rẹ̀, ariwo rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń họ ìdí ìkòkò, funfun yọ lábẹ́ dúdú, èéfín sì jáde látinú rẹ̀. Epo pupa, iyọ̀, ata díẹ̀ lórí ewé. Ọmọ tó sùn lálẹ́ àná kí ẹ̀wà tó jinná jẹ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Ẹ má dá a lórí àpáta gan-an, torí ooru máa ń mú kí àpáta bó, kó sì ta sí èèyàn lójú. Ilẹ̀ gbalasa tí kò ní koríko ni kí ẹ wá. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí a kì í dáná, torí orí àwọn òkè yìí ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun, ojúbọ sì wà níbẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè kí ẹ tó to òkúta. Àti èédú tó ń jó lọ́wọ́, ẹ má gbé e wọ àgọ́ nítorí òtútù òru, kódà bó bá jọ pé ó ti ń kú: afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, omi tó kù nínú bídọ̀n kò ju lítà mẹ́rin lọ. Ìyàwó wa ti gbé e, ó fẹ́ fi fọ ọ̀bẹ. Àbúrò mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á sórí ẹ̀yinná, ó fi igi rú eérú náà, ó tún da ìyókù sí i títí kò fi dún mọ́. Ewé ni wọ́n fi nu ọ̀bẹ.