Bí Òjò Bá Mú Yín Nínú Ìsinmi ní Boston

Bí òjò bá bá yín lálejò ní Boston, ẹ má ṣe sé àwọn ọmọ mọ́ yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ kó wọn lọ sí mùsíọ́mù àwọn ọmọdé (Boston Children's Museum) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913. Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, nítorí ẹ̀yin nìkan kọ́ ni òjò ń lé wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gun ohun ìṣeré àgùnkè tó ga tó ilé alájà mẹ́ta, kí ara wọn lè wálẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣeré ìfófòó ọṣẹ, aṣọ á tutù, ẹ mú ìpààrọ̀ dání.

Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ pẹ́ sí jù ni ilé oníṣòwò sílíìkì kan tí wọ́n kó wá láti Kyoto ní Japan, tí wọ́n sì tún un tò síbẹ̀. A kì í wọ bàtà wọ inú rẹ̀, nítorí náà ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ pa ẹní koríko tó nípọn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, kí ó sì béèrè ohun tó bá wù ú.

Bí òjò bá dá, ìgò mílíìkì ràbàtà tó ga ní 40 ẹsẹ̀ bàtà wà níta fún fọ́tò.