Bó o bá fẹ́ jiyàn lórí tébù àti pléyọ́ọ̀fù, kọ́kọ́ mọ òfin ẹ̀ ná

Iyàn bọ́ọ̀lù ò lè tán láyé, àmọ́ èyí tó máa ń sú mi jù ni kí póíǹtì ẹgbẹ́ méjì dọ́gba, kẹ́nì kan ní góòlù dífáràǹsì (iye góòlù tẹ́gbẹ́ kan gbá wọlé, ká yọ iye tí wọ́n gbá wọlé wọn kúrò) la fi ń ṣe é, kí èkejì ní rárá o, ta ló na ẹnì kejì ẹ̀, wọ́n á wá pariwo títí bọ́ọ̀lù míì á fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì lè jàre. Ìdíje wo lẹ ń sọ ná?

Ìyẹn lo máa kọ́kọ́ bèèrè: ìdíje wo, ọdún wo. Ní Premier League, góòlù dífáràǹsì ló ṣáájú, òun ni Man City fi gba líìgì ọdún 2012, àwọn àti Man United jọ ní 89, City ní +64, United ní +56. Ní Sípéènì, bí àwọn méjèèjì ṣe gbá a láàárín ara wọn ni wọ́n ń wò. Lọ́dún 2007, Real Madrid àti Barcelona jọ parí sí 76, góòlù dífáràǹsì Barcelona dáa jù, àmọ́ Madrid ti nà wọ́n 2-0 nílé, wọ́n sì gbá ọ̀mì 3-3 ní Camp Nou, Madrid bá gbé líìgì lọ. MLS, líìgì Amẹ́ríkà, tún yàtọ̀, iye ìgbà tẹ́gbẹ́ kan wín ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà, èyí wù mí gan-an torí ẹni tó ń wá ọ̀mì kiri ò ní rí nǹkan kan mú.

Ọdún náà ṣe pàtàkì o. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ti fagi lé òfin góòlù ìta lọ́dún 2021, ìyẹn òfin pé bí góòlù bá dọ́gba lẹ́yìn bọ́ọ̀lù méjì, ẹni tó gbá góòlù jù nílé ẹlòmíì ló wín. Àmọ́ ní March 2022 òfin yẹn ṣì wà ní CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, Ghana àti Nàìjíríà gbá 0-0 ní Kumasi, 1-1 ní Abuja, Ghana wọ World Cup ní Qatar. Ẹni tó ti ń fi Champions League ka òfin á máa retí àfikún àsìkò.

Lẹ́yìn ìyẹn, mú bíírò, ka tébù kan náà lẹ́ẹ̀mejì, òfin kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká mú tiwa, ìdíje láti lọ sí World Cup ní Jámánì lọ́dún 2006. Àwa àti Angola jọ ní póíǹtì 21, a ti gbá 21 wọlé, wọ́n gbá 7 wọlé wa, Angola gbá 12, wọ́n gbá 6 wọlé wọn. Bó bá jẹ́ góòlù dífáràǹsì ni, a ti lọ. Ṣùgbọ́n ta ló na ta ni òfin ìgbà yẹn: Angola nà wá 1-0 ní Luanda, a gbá 1-1 ní Kano, ó parí. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn a fi 5-1 na Zimbabwe l'Abuja, òjò góòlù lásán, Angola gbá ẹyọ kan péré ní Kigali, wọ́n lọ.

Ẹni bá ní wọ́n rẹ́ wa jẹ, bi í pé ṣé òfin yẹn ti wà kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà. Nítorí náà iyàn méjì ló wà ńlẹ̀, ṣé wọ́n tẹ̀lé òfin, àti ṣé òfin náà dáa, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pò ó pọ̀ fún ẹ. Lójú tèmi, líìgì tí wọ́n ti gbá fún oṣù mẹ́sàn-án, góòlù dífáràǹsì ló yẹ, torí gbogbo bọ́ọ̀lù ló kà á. Àmọ́ kọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó takò mí dáadáa: wọ́n ní ẹni tó fi 8 na ẹgbẹ́ tí ò lágbára ò tíì fi nǹkan kan hàn wá. Òótọ́ ni, díẹ̀.

Ti pléyọ́ọ̀fù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn líìgì láti mọ ẹni tó máa gba ife, bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi wá. Inter Miami kó póíǹtì 74 lọ́dún 2024, kò sẹ́gbẹ́ tó kó tó bẹ́ẹ̀ rí ní MLS títí dìgbà yẹn. Atlanta United tó ní 40, ipò kẹsàn-án níhà Ìlà Oòrùn, ló lé wọn jáde nínú bọ́ọ̀lù mẹ́ta: 2-1 fún Miami, 2-1 fún Atlanta, lẹ́yìn náà 3-2 fún Atlanta, nílé Miami pàápàá! Àwọn èèyàn ní wọ́n ja Miami lólè, jàre, Supporters' Shield tí ẹgbẹ́ tó kó póíǹtì jù ní líìgì ń gbà, àwọn ló gbà á lọ́dún yẹn. Ibi tí mo ti máa bá MLS jà ni pé nínú bọ́ọ̀lù mẹ́ta yẹn, bó bá di ọ̀mì, pẹ́náritì ni lójú ẹsẹ̀, ẹni tó fi 5-0 wín àti ẹni tó fi pẹ́náritì wín, ọgbọọgba ni wọ́n, ìpele tó tẹ̀ lé e wá di bọ́ọ̀lù ẹyọ kan. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta tàbí ẹyọ kan, kí ló dé tí wọn ò lè mú ọ̀kan?

Bí ẹnì kan bá sì kọ gbogbo òfin pátá, rán an létí Japan àti Senegal ní World Cup ọdún 2018, póíǹtì dọ́gba, góòlù dọ́gba, wọ́n gbá ọ̀mì láàárín ara wọn, yẹ́lò káàdì ni wọ́n kà, 4 fún Japan, 6 fún Senegal. Kó wá kọ tiẹ̀ sílẹ̀ kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, kó fọwọ́ sí i.