Oṣù mẹ́fà ṣòfò, etí ọmọ mi ló dí

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Nígbà tí ọmọ mi pé oṣù 18, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu rẹ̀, mo bá gbé e lọ bá òṣìṣẹ́ ìlera kan. Kò wo etí rẹ̀ rárá. Ó kàn bi mí pé èdè mélòó là ń sọ nílé. Mo ní méjì, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ohun tó fà á nìyẹn, pé nǹkan ti dàrú mọ́ ọmọ lórí, kí n fi Yorùbá sílẹ̀ ná.

Mo gbọ́ tirẹ̀. Odidi oṣù mẹ́fà ni mo fi ń bá ọmọ tí mo bí sọ èdè tí kò ti inú mi wá. Mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ ọmọ lẹ́kún. Ilé wa dákẹ́. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 2, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ di mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá ti tó bẹ́ẹ̀ ti máa ń ní tó 50, wọ́n á sì ti máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀.

Nọ́ọ̀sì mìíràn ló là mí lójú. Ó ní gbígbọ́ èdè méjì kì í mú ọmọ pẹ́ sọ̀rọ̀, àti pé tí a bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀, ti èdè méjèèjì la ń kà pọ̀. Ó wá bi mí pé, "Ẹ ti ní kí wọ́n wo etí rẹ̀?" Mo ní wọ́n wò ó nígbà tí mo bí i, wọ́n sì ní ó dáa. Ó ní ìyẹn ò ní kí nǹkan má ṣe é lẹ́yìn náà.

Ìdí àyẹ̀wò etí yìí ni ojú mi ti rí màbo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú, wọ́n ní ká padà wá tó bá lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹ́ ká jókòó títí oorun fi gbé e lọ kó tó kàn wá, ọmọ tó ń sùn ò sì lè yíjú sí ìró. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan la tún ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dá ọjọ́ mìíràn fún wa. Mo sunkún délé lọ́jọ́ kejì yẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, mo jẹ́ kó sùn tẹ́rùn kí a tó jáde. Mo gbé e lé itan, wọ́n ń mú ìró jáde lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Tó bá yíjú síbẹ̀, iná á tàn lára ohun ìṣeré kan. Ìró tó bá lágbára, ó yíjú sí i. Èyí tó bá rọlẹ̀, ó kàn jókòó tirẹ̀ ni. Wọ́n wá fi rọ́bà kékeré kan tó so mọ́ ẹ̀rọ sí ihò etí rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì fa ìlà kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, níbi tó yẹ kó ti yọrí sókè. Wọ́n ní ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé omi ti dúró sẹ́yìn awọ ìlù etí rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Mo máa ń pè é látẹ̀yìn tí kì í dáhùn, mo sì ti jágbe mọ́ ọn pé olóríkunkun ni.

Dókítà ní ká dúró fún oṣù 3, pé omi yẹn sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ó sì lọ.

Ohun tí mo ṣe láàárín oṣù 3 náà ni mo fi ń yangàn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo padà sí Yorùbá mi. Mo pa tẹlifíṣọ̀n tó máa ń pariwo ṣáá. Mo máa ń lóṣòó kó lè rí ẹnu mi kí n tó sọ̀rọ̀. Tó bá nawọ́ sí bọ́ọ̀lù, màá ní, "Bọ́ọ̀lù," màá dì í mú, màá ka ení dé àrún nínú mi kí n tó fún un. Kíkà yẹn ló nira jù, torí ẹnu máa ń yún mi láti bá a sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, kí n tó ka ẹẹ́rin, ó ní, "Bọ́ọ̀lù mi!"

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń pẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo etí rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó ti sùn dáadáa kí ẹ tó gbé e lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé èdè yín jù sílẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Lánàá, mo wà ní yàrá, mo pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó dáhùn láti pálọ̀, "Mò ń bọ̀, Màámi."