Bí mo ṣe yan sípíríǹgì ẹ̀yìn fún Hilux tí ẹrù kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀

Iṣẹ́ bọ́hóòlù ni mo ń ṣe. Bí pọ́ńpù bá kọṣẹ́ ní abúlé kan ní Bùnú, tàbí tí páìpù já sínú kànga ní ìhà Ìsánlú, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi la máa ń lọ yọ ọ́. Ẹ̀yìn Hilux wa ni gbogbo ohun èlò wa ń gbé: jẹnẹrétọ̀, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń fa páìpù sókè, ṣéènì, àpótí irinṣẹ́, okùn, wáyà pọ́ńpù. A kì í já wọn sílẹ̀ tí a bá délé, torí a ò mọ ìgbà tí wọ́n máa pè wá. Ẹni tó bá sì ti gba ọ̀nà inú Bùnú lásìkò òjò, tí àgbàrá ti la àárín títì sí méjì, mọ ojú tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa fi ń rí sípíríǹgì.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti wọlẹ̀. Lálẹ́, iná iwájú wa ń tàn sókè sí orí igi, àwọn tí a bá pàdé lọ́nà Ọbájáná a sì máa ṣẹ́jú iná sí wa tìbínú-tìbínú. Bí a bá já sí kòtò, a ó gbọ́ "gbàà!" lábẹ́ ọkọ̀. Axle, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ló lọ ń gbá rọ́bà tó wà lábẹ́ ṣásì, férémù irin tó ru gbogbo ọkọ̀. Bí ìyẹn bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ṣásì ló máa sán gbẹ̀yìn, owó ṣásì kì í sì í ṣe owó ọmọdé.

Mo gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ń bá wa tún ọkọ̀ ṣe ní Kàbbà lọ.

"Òkun o, àbúrò," ó kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó dìde, ó nu ọwọ́. "Lífù méjì la máa fi kún un. Màá bá ẹ wá èyí tó nípọn."

Lífù ni àwọn pẹlẹbẹ irin tí wọ́n tò léra wọn tó para pọ̀ di sípíríǹgì ẹ̀yìn. Fífi lífù kún un ni gbogbo mẹkáníìkì wa mọ̀ sí oògùn ẹ̀yìn tó wọlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ iye ohun tí mò ń rù ná." Ó ní kò burú, pé kí n lọ mọ̀ ọ́n kí n padà wá.

Mo wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn tírélà, mo bẹ àwọn tó wà níbẹ̀, mo san owó tí wọ́n ní kí n san. Kí n tó lọ, mo ti já gbogbo ẹrù sílẹ̀ nílé, mo sì ti rọ epo kún táǹkì. Mo gun táyà iwájú nìkan sórí ìwọ̀n: 1,050 kílò. Mo sún un síwájú títí ó fi ku ti ẹ̀yìn nìkan: 780. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,830. Lẹ́yìn náà mo kó gbogbo ẹrù padà sí ipò tí wọ́n máa ń wà, mo tún lọ. Ẹ̀yìn ti di 1,180, iwájú sì ti di 1,030.

Ẹ fara balẹ̀ wo iye yẹn. 380 kílò ni gbogbo ẹrù tí mo kó, àmọ́ 400 ló wọ ẹ̀yìn. Ara iwájú ni ogún kílò yẹn ti kúrò. Nínú Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin, ibi tí a ń kó ẹrù sí nà kọjá axle lọ sẹ́yìn, ohunkóhun tó bá sì wà lẹ́yìn axle ń tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń gbé imú rẹ̀ sókè, bí ìgbà tí ìyá kan bá pọn ọmọ tó ti dàgbà jù, tí ọmọ náà wá fi ara sẹ́yìn. Imú tó fúyẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ ọkọ̀ dá wa lójú nínú ẹrẹ̀. Torí náà, kí n tó ná kọ́bọ̀ lórí sípíríǹgì, mo ti gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́nu géètì ẹ̀yìn, mo sún un mọ́ ẹ̀yìn kábìn pátápátá, mo sì fi okùn tó le dè é. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn, a sì rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jáde.

Mo tún mú téèpù. Mo wọn ọ́n láti àárín táyà ẹ̀yìn sókè tààrà dé etí ara ọkọ̀. Lófìfo, sẹ̀ǹtímítà 54. Pẹ̀lú ẹrù, 47. Àlàfo tó kù láàárín axle àti rọ́bà tó yẹ kó gbà á kò ju ìka méjì lọ. Orí ẹrù yìí kan náà la tún máa ń gbé páìpù lé, èèyàn á sì tún jókòó sẹ́yìn! Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, èèyàn mẹ́ta àti páìpù tó pọ̀ jù tí a ń kó, mo fi wé iye tí ilé iṣẹ́ kọ sára àwo tó wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn. A ò kọjá a. Ká ní a ti kọjá a ni, ẹrù ni mi ò bá dín, mi ò ní wá sípíríǹgì kankan, torí bí sípíríǹgì bá le tó òkúta, bíréèkì, béárìn, axle àti ṣásì ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yà bàrá ni pé ẹrù tó pọ̀ jù tí wọ́n tíì gbé rí ni wọ́n fi ń ra sípíríǹgì. Ẹrù tí kì í kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ ló yẹ kéèyàn fi rà á. Sípíríǹgì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀, kó sì máa padà, kí táyà lè máa tẹ̀ lé ilẹ̀. Èyí tó bá le ju ẹrù rẹ̀ lọ kì í tẹ̀. Lórí ilẹ̀ pupa tó ti di pàkàpàkà bíi ti ọ̀nà oko wa, táyà á máa fò, kò ní di ilẹ̀ mú ní kọ́nà, gbogbo ìgbọ̀nrìrì náà á sì wọ inú ṣásì, irinṣẹ́ àti ẹ̀yìn ẹni tó jókòó. Àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ọsirélíà mọ èyí dáadáa. Old Man Emu tí ARB ń tà, bí àpẹẹrẹ, iye kílò tó máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà gbogbo ni wọ́n fi ń pín sípíríǹgì wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, a jókòó sórí táyà, a bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Lífù méjì tó nípọn tó kọ́kọ́ dábàá ńkọ́? Mo fi ìṣirò kan hàn án. Líle lífù kì í bá nínípọn rẹ̀ rìn ní dọ́gbadọ́gba. Ẹ fi nínípọn náà ṣe ìsọdipúpọ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ibẹ̀ ni líle rẹ̀ wà. Bí lífù kan bá nípọn ní ìlọ́po méjì èkejì, tí gígùn àti fífẹ̀ wọn bára mu, ìlọ́po mẹ́jọ ló le jù ú lọ. Kódà láti mìlímítà 7 sí 8, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì le sí i. Ẹni tó bá kàn ṣa lífù ọkọ̀ mìíràn wọlé kò mọ ohun tó fi kún un. Láfikún, lífù àlòkù tí ìtẹ̀kọrọ rẹ̀ kò bá ti àwọn tó wà níbẹ̀ mu kì í jókòó pẹ̀lú wọn, òun nìkan ló máa ń jìyà, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ dá. Ẹ̀gbọ́n náà mi orí, ó ní òun ti yọ irú rẹ̀ rí tó dá sí méjì.

Ẹnì kan ní kí a gbé èyí tó wà níbẹ̀ lọ fún alágbẹ̀dẹ kó tẹ̀ ẹ́ padà. Mi ò gbà rárá. Iná àti òróró ni ilé iṣẹ́ fi fún irin yẹn ní agbára tó fi ń tẹ̀ tó fi ń padà. Bí iná ẹwìrì bá sọ ọ́ di pupa lẹ́ẹ̀kan sí i, agbára yẹn ti lọ nìyẹn, yóò sì tún wọlẹ̀ láìpẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ irin náà gan-an, òun ni wọ́n fi ń rọ àdá tó ń pẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ tí mo sì fẹ́ kí wọ́n máa fi ṣe nìyẹn. Báàgì afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń kì sáàárín axle àti ṣásì náà wà. Ojú kan ṣoṣo ló ti máa ń ti ṣásì, bí ẹrù bá sì wúwo lẹ́yìn axle, ibẹ̀ ni ṣásì lè ti tẹ̀. Lọ́nà tiwa, mi ò fẹ́ ẹ.

Odidi sípíríǹgì tuntun ló kù. Ọ̀wọ́ méjì ni ẹni tó ń tà á ní Èkó ní nílẹ̀: èyí tó wà fún nǹkan bíi 300 kílò tí kì í kúrò, àti èyí tó wà fún 500 sókè. Èmi wà láàárín. Mo yan ti 300. Ìdí ni pé mo lè sún ẹrù mi síwájú, mo sì lè dín in kù, nígbà tí mi ò lè rọ sípíríǹgì tó bá le jù. Lífù ìsàlẹ̀ rẹ̀ tún rí pẹrẹsẹ, kì í fara kan àwọn yòókù dáadáa àfi bí ẹrù bá pọ̀, nítorí náà ọjọ́ páìpù nìkan ló máa ń ṣiṣẹ́. Mo san owó ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu, ìyẹn ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò ṣáá, pọ̀ mọ́ ọn, torí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ kò ní lè kó sípíríǹgì tó le jù ú lọ níjàánu. Wọ́n fi wébíìlì gbé gbogbo rẹ̀ wá sí gáréèjì Kàbbà.

Ẹ̀gbọ́n àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló dè é, mo dúró tì wọ́n. Yúbóòtì tuntun, irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U tó so sípíríǹgì mọ́ axle, la lò, torí èyí tí wọ́n bá ti fún rí ti nà. Ó rí i dájú pé orí bóòtì àárín bọ́ sínú ihò rẹ̀ lórí axle kó tó fún ohunkóhun. Ó ń fún àwọn nọ́ọ̀tì náà ní ìdábùú, díẹ̀díẹ̀, kó má baà fà sápá kan. Àwọn bóòtì tó gba inú búṣì rọ́bà kọjá, kò fún wọn tán títí ọkọ̀ fi dúró sórí táyà rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Bí wọ́n bá fún un pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, rọ́bà á lọ́ bí ọkọ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, á sì tètè ya.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ọ̀pá tín-ín-rín kan wà láti axle lọ sídìí fáàfù bíréèkì lára ṣásì. Gíga ẹ̀yìn ọkọ̀ ni fáàfù náà fi ń mọ bí ẹrù ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ̀yìn bá ti ga sí i, yóò rò pé ọkọ̀ ṣófo, yóò sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹrù ń bẹ lẹ́yìn. A tún ọ̀pá yẹn ṣe, a wo bóyá páìpù bíréèkì ṣì gùn tó, a sì dá iná iwájú padà sílẹ̀.

Pẹ̀lú ẹrù kan náà, téèpù ń sọ 52 báyìí. Bí páìpù bá gun orí rẹ̀, 48 ni, rọ́bà sì ṣì ní àyè dáadáa. Ó le díẹ̀ lórí ọ̀dà, mi ò ní purọ́, pàápàá fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Àmọ́ a ti gba Bùnú kọjá lẹ́yìn òjò ńlá láìgbọ́ "gbàà" yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbé e padà kí wọ́n tún yúbóòtì fún, mélòó kan nínú wọn sì gbà sí i. Oṣooṣù ni mo ń wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá relẹ̀ ju èkejì lọ, abẹ́ rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wọ̀ lọ wá lífù tó ti sán.